Kásẹ́ẹ̀tì Mọ́kànlélógún

Ẹni tó bá sọ fún yín pé arúgbó kì í fẹ́ràn eré ọkọ̀ òfuurufú, irọ́ ló pa. Èmi Mojíre, aránṣọ Ìrémọ, ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí nígbà náà, mi ò sì gbọ́ Òyìnbó kọjá "gúdú mọ́ọ́nì". Síbẹ̀, ní odidi ọdún 1985, kò sí Sátidé kan tí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá mi níbòmíràn yàtọ̀ sí iwájú tẹlifíṣàn mi. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá lásìkò yẹn, àga ni n ó fi hàn án. Bí kò bá fẹ́ jókòó, kó gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tí kò mọ adùn.

Orúkọ tí Òyìnbó fún ètò náà gùn, kò wọ̀ wá lẹ́nu. Ọkọ̀ Ojú Sánmà ni àwa ń pè é. Àwọn èèyàn bíi mẹ́jọ ló wà nínú ọkọ̀ ńlá kan, wọ́n sọnù sáàárín ìràwọ̀, wọ́n ń wá ọ̀nà ilé. Orúkọ tiwọn náà ò wọ̀ wá lẹ́nu, la bá fún wọn ní tiwa. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn, tó gé irun mọ́lẹ̀ bí ọkùnrin, Ìyá Ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń rìn, tó ń gbálẹ̀, tó ń ráhùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, Onírin nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń tu ọkọ̀ náà, èmi ni mo sọ ọ́ ní Àkànní.

Àkànní ni oríkì Oyèbánjí, àkọ́bí mi, tó ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1979, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i ni gbogbo agbo ilé ti ń pè mí ní Ìyá Oyèbánjí, tí orúkọ mi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé. Bí atukọ̀ yẹn bá fẹ́ ronú, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì díẹ̀, á fi ìka kan ti imú. Oyèbánjí gẹ́lẹ́! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pariwo débi pé abẹ́rẹ́ tí mo fi ẹnu mú bọ́ sílẹ̀.

Oyèbánjí náà ló sì mú mi mọ ètò ọ̀hún. Kì í kọ lẹ́tà sí mi, torí ó mọ̀ pé mi ò dé ilé ìwé. Kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń fi ránṣẹ́. Á sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, á kí ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì dákẹ́ díẹ̀ níbi tó bá yẹ kí n dáhùn. Èmi náà á sì dáhùn. Nínú èyí tó dé kẹ́yìn, nígbà tí ọdún 1984 ń parí lọ, ó ní: "Màmá, ètò kan wà tí mo máa ń wò níbí, ọkọ̀ kan tó ń rìn lójú sánmà. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé. Ẹ máa wò ó o. Bí mo bá dé, a ó jọ sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Nítorí ọmọ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ètò náà fúnra rẹ̀ ti mú mi.

Kò sì sẹ́ni tí kò mú ní agbo ilé wa. Fákúnlé, àgbẹ̀ tó ń gbé yàrá ẹnu ọ̀nà, á ti fọ ẹsẹ̀ tán láti aago mẹ́fà. Onírin ni tirẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí òṣìṣẹ́ tó ń ráhùn tó bẹ́ẹ̀ tó tún ń parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún ní àwọn Òyìnbó wọ̀nyí ń ṣe bí ẹni pé àwọn ló kọ́kọ́ rin ojú sánmà, nígbà tó jẹ́ pé àwa ará Ifẹ̀, ẹ̀wọ̀n lásán ni wọ́n fi sọ̀ wá kalẹ̀, a ò sì sọnù. Kẹ́hìndé tó ń ṣe iṣẹ́ iná, òun ló máa ń gun òrùlé lọ yí àńtẹ́nà fún wa. Ohun tó fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé iná kì í lọ nínú ọkọ̀ yẹn. Á máa ka iná ara ògiri wọn, á máa mi orí bí ẹni tó rí oúnjẹ ọdún.

Èmi, aṣọ wọn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò di ọ̀kan, kò ní bọ́tìnnì, kò ní síìpù, ó lẹ̀ mọ́ wọn lára. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe ń kó sí i? Mo rán irú rẹ̀ kan fún Kẹ́hìndé. Ó kó sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè jáde, àfìgbà tí mo fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò lára rẹ̀. Ilé rẹ́rìn-ín títí.

Ohun tí mo wá fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni fèrèsé. Fèrèsé dúdú kan wà níwájú Ìyá Ọkọ̀. Bó bá fọwọ́ kàn án, ojú ẹni tó wà lókèèrè á yọ níbẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á sì máa rí ara wọn. Ẹ rò ó wò! Ìyá á rí i bí ọmọ bá rù. Ọmọ ò ní lè sọ pé òun ń jẹun dáadáa nígbà tí egungun ọrùn rẹ̀ ń yọ. Mo sọ fún gbogbo wọn pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé fèrèsé yẹn dé ọjà, èmi ni n ó kọ́kọ́ rà á, bó tiẹ̀ gba kí n ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Fúnlọ́lá, àbíkẹ́yìn mi, ló ń túmọ̀ fún wa. Taípíìsì ni ní Yunifásítì, ó sì gbọ́ Òyìnbó dénú. Á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, á kọjú sí wa, á máa fi etí kan gbọ́ ohun tó ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí Ìyá Ọkọ̀ bá bínú, ohùn Fúnlọ́lá á le. Bí Onírin bá ń ráhùn, á fi imú sọ̀rọ̀. Àwọn tó gbọ́ Òyìnbó díẹ̀ pàápàá, bíi Kẹ́hìndé àti Akọ̀wé, ẹnu Fúnlọ́lá ni wọ́n ń wò.

Akọ̀wé yìí ni àbúrò ọkọ mi tó ti di olóògbé, òun sì ni olórí agbo ilé wa. Ó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Akọ̀wé ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn.

Bí ètò bá parí, tí gbogbo wọn bá lọ, iṣẹ́ mi á ku ẹyọ kan. N ó ti ilẹ̀kùn. N ó gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì ìránṣọ, n ó tẹ bọ́tìnnì pupa, n ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà fún Oyèbánjí, pẹ̀lú ẹ̀rín Fákúnlé àti àwàdà Kẹ́hìndé. Sátidé méjì ni mo fi ń kún kásẹ́ẹ̀tì kan. Bó bá kún, n ó fi òwú ìránṣọ dì í, n ó ta kókó sí òwú náà: kókó kan fún àkọ́kọ́, kókó méjì fún ìkejì. Bí èmi ṣe ń kọ nọ́ńbà nìyẹn. Fúnlọ́lá á sì mú un lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, láti fi í ránṣẹ́.

Èsì ń wá. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kejì ọdún 1985, lẹ́tà ló ń wá, kásẹ́ẹ̀tì ò wá mọ́. Fúnlọ́lá ní ẹ̀rọ tí Oyèbánjí fi ń gba ohùn sílẹ̀ ti bàjẹ́. Òun náà ló ń ka lẹ́tà fún mi. Oyèbánjí ní òun gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì mi, òun rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ aṣọ Kẹ́hìndé. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun lè wálé. Kí n má ṣèyọnu, ara òun le. Ohùn rẹ̀ ń wù mí í gbọ́, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ èyí tí mo rí.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ, ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú eré náà. Ara ọkọ̀ lu, èéfín gba ibi gbogbo, gbogbo wọn ń sá. Àkànní sáré wọ yàrá kan, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ìyá Ọkọ̀ ń lu ilẹ̀kùn náà láti ìta. Àkànní gbé ojú sí dígí kékeré tó wà lára rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo yíjú sí Fúnlọ́lá.

"Kí ló wí?" ni mo bi í.

Ó wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wo ilẹ̀.

"Ó ní... ó ní òun ń lọ sí ìràwọ̀ mìíràn," ni Fúnlọ́lá wí. "Ọkọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn yàrá yẹn. Iṣẹ́ ló ń dúró dè é níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ara òun le."

"Kí ló wá dé tí Ìyá Ọkọ̀ ń sunkún?"

"Àárò rẹ̀ ló ń sọ ọ́, Màmá."

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo sì gbọ́ tó ń bì. Fákúnlé, àgbà ọkùnrin, ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo ní, "Fákúnlé, ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ lo ń sunkún sí?" Ó ní, "Ẹ má dá mi lóhùn, Ìyá Fúnlọ́lá. Èéfín inú ọkọ̀ yẹn ló kó sí mi lójú." Mo fi í rẹ́rìn-ín títí. Ti Fúnlọ́lá, oyún ni mo rò. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ẹdẹ sì ti ń wá kí i. Ní ọjọ́ kejì, mo se ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ aláta fún un, mo sì fi odidi oṣù méjì máa yọ́ ikùn rẹ̀ wò.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé, n ó béèrè pé, "Àkànní ò tíì dé?" Fúnlọ́lá á ní kò tíì dé, ṣùgbọ́n ó kí gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì: "Àkànní ọmọ mi, èkejì rẹ ò tíì dé o. Bíi tìẹ náà ló ṣe ń ṣe wá."

Nígbà tó di ọjọ́ Tọ́sìdeè kan nínú oṣù Kọkànlá, Fọlákẹ́ wá wọn aṣọ. Ìyàwó olùkọ́ Yunifásítì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, kọ́tásì àwọn olùkọ́ ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti ń gba ojú títì wá sí Ìrémọ nítorí ọwọ́ mi. Mo fi tépù wé ìbàdí rẹ̀, ó rí tẹlifíṣàn, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà máa ń wo ti ọkọ̀ ojú sánmà yẹn?"

Inú mi dùn. Mo ní, "Ta ni kì í wò ó?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí pilot yẹn ti kú, kò dùn mọ́ mi mọ́."

"Ta ló kú?"

"Atukọ̀ wọn, ọmọ dúdú yẹn. Ẹ ò rí i ni? Afẹ́fẹ́ olóró ń wọlé, ó wá ti ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kó má baà pa àwọn yòókù. Ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún ìyá òun pé ẹ̀rù ò ba òun. Háà! Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ìràwọ̀ mìíràn ló lọ," ni mo wí.

Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, Màmá? Wọ́n tiẹ̀ ṣe ìsìnkú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn tò, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà."

Mo rántí ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n tò lóòótọ́. Fúnlọ́lá ní àdúrà ìrìn àjò ni wọ́n ń gbà fún un.

Fọlákẹ́ ti lọ tán kí inú tó bí mi dáadáa. Mo ń rìn yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti sin ìyá, tí mo ti sin bàbá, tí mo ti sin ọkọ! Ṣé ikú inú tẹlifíṣàn ni wọ́n rò pé yóò pa mí? Gbogbo yàrá ló sì mọ̀, tí wọ́n jẹ́ kí n jókòó sáàárín wọn bí òmùgọ̀, kí n máa béèrè òkú. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni Oyèbánjí. Ó ti wo gbogbo rẹ̀ lọ́hùn-ún. Yóò ti máa gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń ní atukọ̀ lọ ṣiṣẹ́, yóò máa rò pé arúgbó ti ń ṣarán. Mo ní n ò lè dúró di Sátidé. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un lójú ẹsẹ̀ bó ṣe jẹ́.

Kò sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo mọ́ lọ́dọ̀ mi. Fúnlọ́lá ló máa ń rà á, ó sì wà níbi iṣẹ́. Mo wọ yàrá rẹ̀, mo fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jáde, mo ṣí i. Abẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀ ni mo ti rí ìdì kan. Mo tú u.

Òwú mi ni mo kọ́kọ́ rí. Òwú aró, òwú pupa, òwú ewé, èyí tí mo fi rán aṣọ ìyàwó ọmọ Fákúnlé. Kókó kan. Kókó méjì. Kókó mẹ́ta. Mo kà á títí dé mọ́kànlélógún. Kò sí ẹyọ kan tó lọ ibì kankan.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀lẹ ló mú un. Mo kó wọn lọ sí yàrá mi, mo fi oníkókó kan sínú rédíò, bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Ohùn èmi fúnra mi ló jáde: "Àkànní ọmọ mi, màmá rẹ nìyí. A ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ o. Onírin gbálẹ̀ títí lónìí..." Mo pa á.

Mo jókòó sórí ibùsùn. Bí kásẹ́ẹ̀tì ò bá lọ, ta ló ń dá wọn lóhùn? Ta ló rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ aṣọ Kẹ́hìndé? Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó wá. Kí wọ́n má ṣèyọnu. Ara rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ tí Fúnlọ́lá fi sẹ́nu atukọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà sì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò tiẹ̀ wá òmíràn.

Nígbà náà ni mo wá rántí orúkọ mi. Láti ìgbà wo ni wọn ò ti pè mí ní Ìyá Oyèbánjí mọ́? Kẹ́hìndé ń pè mí ní Màmá Aránṣọ. Fákúnlé ń pè mí ní Ìyá Fúnlọ́lá. Akọ̀wé ń pè mí ní "ìyàwó wa". Mo wá a lọ sẹ́yìn, oṣù kan tẹ̀ lé oṣù kan, mi ò rí ẹnikẹ́ni tó fi orúkọ yẹn pè mí láti ìgbà ọyẹ́. Odidi agbo ilé ló gbé orúkọ kúrò lára mi, mi ò mọ̀.

Mi ò sunkún. Mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, nínú ọkàn mi pàápàá. Mo ní èmi kọ́ ni n ó sọ ọ́. Ẹnu tó fi í pamọ́ ni yóò sọ ọ́. Mo dá àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà padà sínú àpótí. Mo fi ọjọ́ Fúráìdeè rán aṣọ Fọlákẹ́, mo tú u, mo tún un rán. Fúnlọ́lá béèrè bóyá orí ń fọ́ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Sátidé, mo kó ìdì náà sórí tẹlifíṣàn, mo fi aṣọ tábìlì bò ó. Aago mẹ́fà kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Fákúnlé ti fọ ẹsẹ̀. Kẹ́hìndé ti yí àńtẹ́nà. Akọ̀wé jókòó sí àga ọlọ́wọ́, ó gbé fìlà lé orúnkún. Fúnlọ́lá fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣàn. Orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò ń dún lọ́wọ́ nígbà tí mo dìde, mo yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá.

"Kí a tó wò ó," ni mo wí, "ẹ bá mi pe orúkọ mi."

Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín. "Màmá Aránṣọ wa."

"Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ní orúkọ mi. Fákúnlé, o ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nílé yìí. Kí lo ń pè mí?"

Fákúnlé la ẹnu, ó pa á dé. Ó ní, "Ìyá Fún—", kò lè parí rẹ̀.

"Ṣé ó ti wúwo tó bẹ́ẹ̀?" Mo fa aṣọ tábìlì kúrò. Òwú oríṣiríṣi wà níbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Fúnlọ́lá kígbe, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Àwòrán ń lọ lẹ́yìn mi láìsí ohùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bà lé wọn lójú. Ìgbà tó yá, Akọ̀wé dìde. Fìlà jábọ́ lórúnkún rẹ̀, kò mú un.

"Ìyá Oyèbánjí," ni ó wí. "Ẹ jókòó."

Mo jókòó. Kò kù mọ́. Bó ṣe pe orúkọ yẹn ni mo ti gbọ́ ìyókù.

"Nígbà wo?"

"Oṣù Kìn-ín-ní. Yìnyín ló bo ojú títì, mọ́tò rẹ̀ yọ̀. Wọ́n ní kò jìyà."

"Wọ́n ti sin ín?"

"Wọ́n sin ín sọ́hùn-ún. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ẹ sì rántí pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, ní ọdún tí ẹ dákú yẹn. Àwa àgbà ló jókòó tí a pinnu rẹ̀. Fúnlọ́lá bẹ̀ wá títí pé ká jẹ́ kí òun sọ, èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ sọ. Ọjọ́ tó dáa la ń wá."

"Ọjọ́ tó dáa," ni mo wí. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kẹ́hìndé, ìwọ náà mọ̀?"

Ó forí kọ́lẹ̀.

"Gbogbo yín?"

Fákúnlé yíjú sí ògiri. Àwọn baba wa ní ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, àṣé mi ò tíì mọ̀ bó ṣe ń ta tó.

"Ní gbogbo ìdájí," ni mo sọ fún wọn, "mo ń kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, mo ń ní kí Ọlọ́run mú Oyèbánjí dé láyọ̀. Ẹ̀ ń kọjá lọ pọnmi, ẹ̀ ń ṣe àmín. Oṣù mẹ́wàá! Akọ̀wé, ẹ ṣe àmín. Fákúnlé, o ṣe àmín, o tún ní kó mú wúrà bọ̀. Ọmọ mi ti wà ní ilẹ̀. Ta ló fún yín láṣẹ kẹ́ ẹ gba ẹkún mi lọ́wọ́ mi? Ẹ̀yin ti sunkún rẹ̀ tán, ẹ ti gbàgbé, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, èmi nìkan."

Mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé mi ò pariwo.

Fúnlọ́lá fi orúnkún rìn wá bá mi, ó di ẹsẹ̀ mi mú. "Màmá, mi ò jù wọ́n nù. Mi ò lè jù wọ́n nù. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, látòkèdélẹ̀, kí n tó máa kọ lẹ́tà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ sọ tí mi ò gbọ́."

"Ìwọ lo gbọ́ ọ," ni mo dá a lóhùn. "Òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀."

Ó tú ẹsẹ̀ mi sílẹ̀.

Mo ní kí gbogbo wọn máa lọ. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá bàtà wọn. Fákúnlé fẹ́ sọ nǹkan, mo gbé ọwọ́ sókè, ó jáde. Fúnlọ́lá nìkan ni kò lọ. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fara ti ògiri.

Ètò náà ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ wọn ti sún mọ́ ilé lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ wọn ti lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé. Ìyá Ọkọ̀ jókòó síwájú fèrèsé dúdú yẹn, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó nu ojú, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kàn án. Ojú arúgbó obìnrin aláwọ̀ dúdú kan yọ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ẹ̀yìn Ìyá Ọkọ̀ bóyá ẹlòmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ọkọ̀ wò ó lójú. Ẹnu rẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan péré, gbólóhùn kúkúrú. Ẹ̀rín kúrò lójú arúgbó náà.

"Màmá," ni Fúnlọ́lá wí láti ẹnu ilẹ̀kùn, "ó ń sọ fún un pé—"

"Dákẹ́," ni mo wí. "Mo rí i."

Ọdún kẹta rèé. Mo ṣì ń wo irú eré bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá gbé e wá, torí ọmọ mi ló ní kí n máa wò ó. Fúnlọ́lá ti lọ sílé ọkọ ní Ẹdẹ, ó ń wá kí mi, mo ń dá a lóhùn, mo ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Ṣùgbọ́n bó bá di Sátidé, tó bá bá mi níwájú tẹlifíṣàn, tó fẹ́ fa àpótí sún mọ́ ọn, n ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, n ó yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ojú mi tó mi.